Ẹsẹ̀ Mi Nínú Ọ̀rọ̀ Oyè Àwọn Ará Erékùṣù

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí, tí ìyàwó mi máa ń fi òróró pa nítorí òtútù, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba oyè ìdílé mọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. N kò fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni nípàá. Mo kàn nà wọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ní Longsight ti ń bu iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, èmi ni mo ni iṣẹ́ iyọ̀ bíbù.

Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ọ̀rẹ́ mi yìí àti tèmi. Ṣùgbọ́n Trafford Park la ti pàdé, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù kí n tó fẹ̀yìn tì, tí òun sì ń to páálí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, Yorùbá ni mo fi kí i, nítorí ó jọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń la pákó n'Ìbàdàn: ó ga, ó sanra, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í ṣe ará ibẹ̀. Ó ní ará erékùṣù kan ni òun, láàárín òkun Pàsífíìkì, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Polinéṣíà. Ó ní bí mo bá gbẹ́ ilẹ̀ Manchester títí tí mo fi já sí òdì kejì ayé, ẹ̀yìnkùlé ìyá òun ni orí mi máa yọ sí.

Nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán, èmi a máa sọ fún un nípa bàbá bàbá mi, tó fi okùn sí ọ̀nì lẹ́nu tó ń gùn ún lọ sóko. Òun náà a sọ fún mi pé bàbá ńlá òun kan máa ń dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, á di ojú, bí ìgbì bá sì ṣe ń lù ú lẹ́yìn láti abẹ́ ọkọ̀ ni yóò fi mọ ibi tí ilẹ̀ wà, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọkùnrin náà díẹ̀, nítorí òótọ́ rẹ̀ ga ju irọ́ mi lọ.

Ọkọ̀ ojú omi yẹn náà ló gbé oyè wá sí ìdílé wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ yanrìn erékùṣù náà ni olóyè àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ oyè, tí ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ẹ́ á máa jẹ́ títí yóò fi kú. Ọ̀rẹ́ mi lè ka àwọn tó ti jẹ ẹ́ láti orí ẹni yẹn títí dé orí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó máa ń kà wọ́n fún mi nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Stockport Road. A ó ti sọ̀ kalẹ̀, a ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà mi, kò ní tíì kà wọ́n tán. Mo sọ fún un pé ilé ọba ni ilé tiwa náà. Òótọ́ ni, bí ẹ bá yọ erin tó ń ṣílẹ̀kùn kúrò nínú rẹ̀.

Àmọ́ oyè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Kì í ṣe ti àkọ́bí, kò sì sí afọbajẹ. Gbogbo ìdílé ni yóò jókòó yíká, ọkùnrin àti obìnrin, wọn yóò máa sọ ọ́ títí ẹnu wọn yóò fi kò. Bí ẹnu kò bá kò, kò sí olóyè. Ọ̀rọ̀ ẹni tó sì wúwo jù níbẹ̀ ni ti arábìnrin olóyè tó kú, bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-osú, àwọn ọmọbìnrin ilé, ṣe máa ń wúwo lọ́dọ̀ tiwa. Bí obìnrin yẹn bá ní rárá, ó parí.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà lórí oyè kú. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ fún wa, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wa, ó kọ̀, kò jókòó. Àwọn méjì ni ìdílé ń dárúkọ. Òun ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ń gbé ní New Zealand, oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tí ìrìn rẹ̀ sì yá.

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni mo bi í. "Ẹni tó bá wu ìdílé kó jẹ ẹ́."

Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá jẹ oyè ni ilẹ̀ ìdílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi wà lórí ilẹ̀ yẹn."

Ìyá rẹ̀ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Etí òkun ni ilé rẹ̀ wà. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sin òkú sílé láyé àtijọ́, òwúrọ̀ òwúrọ̀ ló sì ń gbá ojú sàréè kó tó jẹun. Oníṣòwò yìí ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ fún àwọn tó ń wá wo òkun. Ó ní òun yóò kọ́ ilé tuntun fún ìyá náà lórí òkè, ilé tó ní omi ẹ̀rọ. Ìyá ní òun kò lọ. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gbé òun kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ jí àwọn tó wà níwájú ilé, kí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra ara ilẹ̀kùn wa, ó ń rà á, títí ìyàwó mi fi gbé tíì lé e lọ́wọ́ kó lè rí nǹkan dì mú.

Manchester níbí ni wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé náà. Ohun tó fà á ni pé arábìnrin olóyè tó kú, àǹtí wọn àgbà, Cheetham Hill ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́ débi tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní nígbà tí kò lè wá bá ìdílé, kí ìdílé wá bá a. Àwọn tó wà nílé yóò máa wò wọ́n lórí fóònù. Oníṣòwò ti ń bọ̀ láti New Zealand, ó sì ń mú àgbà kan bọ̀ tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ kì í dá jókòó," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Àgbà kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kí wọ́n má baà rò pé kò lẹ́ni. Àwọn àgbà tèmi ti kú tán, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo ní."

Ìyàwó mi gbé ojú sókè. "Èyí?" ló wí. "Ọ̀rẹ́ wa, ṣé o rò ó dáadáa? Èyí tó ń purọ́ fún dókítà nípa ibi tó ń dùn ún?"

"Kò ní sọ nǹkan kan, Màámá. Kó jókòó ni, kó dákẹ́."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ."

Ìyàwó mi ní kí n má tilẹ̀ dáhùn bí wọ́n bá bèèrè orúkọ mi. Èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àyà mi ń já nítorí ẹnu mi. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá rí àwùjọ, ṣe ló máa ń ṣí bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdákẹ́ dánra wò nínú ilé. Mo jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ká ẹsẹ̀, mo pa ẹnu dé, ìyàwó mi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ó ń sọ pé, "Bàbá wọn, ẹ jọ ẹni tó ń ronú," èmi kò sì dá a lóhùn. Lóru mo lá àlá pé mo sọ fún wọn nípa erin, ìyá arúgbó kan sì ń di ẹrù lórí erékùṣù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kò sí ẹnì kankan nínú wa, mo tún un sọ, kò sí ẹnì kankan tó ronú kan ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní òwúrọ̀, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Cheetham Hill. Wọ́n ti kó àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ yíká. Gbogbo wa bọ́ bàtà. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi jókòó, a kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Oníṣòwò àti àgbà tó mú wá jókòó ní ọ̀kánkán wa, àwọn ẹbí yòókù wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọ́n gbé fóònù ńlá kan lé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣòwò, ojú àwọn àgbà ilé sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹyin nínú apẹ̀rẹ̀. Láàárín wa ni ọpọ́n onígi kan wà, tí wọ́n ti po gbòǹgbò igi kan tí wọ́n gún sómi. Bí ẹnì kan bá ti pe orúkọ, wọn yóò gbé igbá fún ẹni náà, ẹni tó tóbi jù ló ń kọ́kọ́ mu. Èmi ni mo mu kẹ́yìn. Ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan iṣu, ó sì mú ahọ́n mi kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ahọ́n tó bá ti kú kò lè rojọ́.

Àgbà tó tẹ̀ lé oníṣòwò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bí mo bá rí i. Ó ń rọra gbé e, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn tó wà nínú fóònù ń kùn bí oyin. Ọ̀rẹ́ mi ń làágùn. Mo rí òógùn náà tó ń bọ́ sórí ẹní. Orúnkún mi ń ro mí bíi pé wọ́n fi òòlù lù ú, ṣùgbọ́n mo jókòó, mo dákẹ́, mo sì ń yin ara mi.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa ṣí.

Àǹtí àgbà ni wọ́n ń tì wọlé lórí àga onítáyà. Àwọn yòókù tẹ orí ba lórí ìjókòó wọn. Èmi yíjú padà, mo rí obìnrin kan tó gbó bí ìyá ìyá mi, ewú rẹ̀ funfun, ó gbé orí sókè bí ẹni tí ilé ayé jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ilé oyè, ìyá gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún mi. Ara mi ló dá a ṣe. Kí n tó mọ̀, mo ti yí padà sí ilẹ̀kùn, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, àyà nílẹ̀, iwájú orí nílẹ̀, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi kí n tó mọ ABD.

Ẹ fojú inú wo ibi tí ẹsẹ̀ mi wà. Ó wà láàárín agbo. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì kọjú sí oníṣòwò, sí àgbà rẹ̀, sí gbogbo olóyè tó wà nínú fóònù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọpọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún ti lu ní gìgísẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, kò sí ìwọ̀sí tó ju kí ènìyàn na ẹsẹ̀ sí olóyè lọ. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta mọ̀ pé kí òun ká ẹsẹ̀. Èmi kò mọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Èyí tó tún wá ba nǹkan jẹ́ ni pé n kò dìde. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà kì í dá dìde, ìyá ni yóò sọ pé, "Dìde, o ṣeun." Mo ń dúró kó sọ ọ́. Òun náà ń wò mí. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu òun. Bí ilé ṣe dákẹ́ tó, mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Mo tilẹ̀ tún na ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i kó lè gún.

Ọ̀rẹ́ mi ló gbá mi lápá mú, tó fà mí jókòó. Ojú rẹ̀ ti di eérú. Àgbà ọ̀kánkán ti dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó sọ gbólóhùn díẹ̀, ó kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Oníṣòwò tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí èmi náà lè gbọ́: "Ẹni tí kò lè kó àlejò rẹ̀ níjàánu, báwo ni yóò ṣe kó ìdílé?" Àwọn tó wà nínú fóònù pa á. Wọ́n yí àga ìyá àgbà padà, wọ́n tì í jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Cheetham Hill Road, ọ̀rẹ́ mi kò ka orúkọ olóyè kankan. Ó túmọ̀ ohun tí àgbà yẹn wí fún mi: pé ẹnu kò lè kò níbi tí wọ́n bá ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ han ìdílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni oníṣòwò ń padà lọ. Bó bá lọ pẹ̀lú ìbínú, àwọn tó wà nílé yóò sọ pé ọ̀rẹ́ mi ló ba ìpàdé jẹ́, wọn yóò sì gbé oyè fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni mo wí.

"Ó wà nínú fóònù," ló wí. "Ní igun, lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó rí yín."

Mo délé. Ìyàwó mi wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. "Kí lẹ sọ?"

"N kò sọ nǹkan kan."

"Bàbá wọn."

"Mo fi ọmọ wa búra, n kò la ẹnu."

Ó ní, "Ẹ jókòó, kí ẹ sọ irọ́ tí ẹ pa fún mi, ká lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀." Kò gbà mí gbọ́ títí ọ̀rẹ́ mi fi fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Nígbà náà ló wá jókòó, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, n kò sì bèèrè. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń ro arúgbó kan lẹ́yìn agbo nínú fóònù, tó ń wo ẹsẹ̀ mi tó ń lé e kúrò nílé.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ mi kan ilẹ̀kùn wa. Ẹní kan wà ní apá rẹ̀, ẹní tó rọ̀ bí aṣọ òkè tó ti gbó, etí rẹ̀ ní ìyẹ́ pupa. Ìyá rẹ̀ ló hun ún. Ó ní nílé àwọn, bí ènìyàn bá ṣẹ ẹlòmíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnu kò lè bẹ̀, yóò lọ jókòó síwájú ilé ẹni náà, yóò fi ẹní bo orí, kò ní sọ̀rọ̀. Bí àwọn tó wà nínú ilé bá jáde wá ṣí ẹní kúrò, wọ́n ti dárí jì í nìyẹn. Bí wọn kò bá ṣí i, kò gbọ́dọ̀ dìde.

"Ibi tí wọ́n ń gbé ní Cheetham Hill ni mò ń lọ," ló wí. "Mo ní kí n sọ fún yín ni, kí ẹ má baà wá mi."

"Èmi ni mo na ẹsẹ̀."

"Èmi ni mo mú yín wá. Ẹsẹ̀ yín, ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹní yẹn fẹ̀," ni mo wí. "Ó gba ènìyàn méjì."

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ti ń bá mi wá fìlà onírun mi. Ó ní, "Máa mú un lọ. Bó bá wà nílé, yóò ṣáà máa da omi sínú tíì tó ti kún ni."

Ilé kékeré kan ni oníṣòwò gbà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní ọgbà tí kò tó ẹní méjì níwájú. A jókòó sórí kọnkéré, a ká ẹsẹ̀. Mo ká tèmi débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ọ̀rẹ́ mi fa ẹní bo àwa méjèèjì. Ó ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ewé gbígbẹ àti èéfín. Láìpẹ́, òjò Manchester bẹ̀rẹ̀, èyí tí kì í rọ̀, tí kì í sì dá.

Mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bí wọ́n bá jáde ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Láyé àtijọ́, wọ́n lè gbé kùmọ̀ jáde. Ẹ̀tọ́ wọn ni."

"Lóde òní?"

"Lóde òní, wọ́n lè má jáde rárá."

"Èwo ló burú jù?"

"Ti òde òní."

A rí ojú títì díẹ̀ láti abẹ́ etí ẹní. Ẹsẹ̀ ènìyàn ń kọjá. Obìnrin kan dúró, ó bi wá bóyá ara wa yá; ọ̀rẹ́ mi tẹ ọwọ́ mi kí n má dáhùn. Ajá rẹ̀ ti imú bọ abẹ́ ẹní, ó gbóòórùn gìgísẹ̀ mi tọ̀tún tòsì, ó sín, wọ́n lọ. Omi ti ń wọ inú kóòtù mi. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá mi ti sọ fún mi lánàá pé kí n má da ara mi láàmú. Ó ní òun lè gbé orí òkè. Bàbá, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí."

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa òjò kan tó rọ̀ ní ìlú wa, tó pọ̀ débi pé ẹja àrọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ìjókòó àwọn alàgbà, nígbà tí wọ́n sì gbé igbá ọrẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra. Ènìyàn tó tóbi tó yẹn kì í rẹ́rìn-ín pa mọ́. Gbogbo ẹní ń gbọ̀n. Mo ní kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti mú èmi náà, a di ara wa mú lábẹ́ ibẹ̀ bí ọmọdé tí ń jí ẹran jẹ, ẹ̀rù sì ń bà wá bí ẹni tó fẹ́ kú.

Ilẹ̀kùn ṣí. A dákẹ́.

Mo rí bàtà dúdú méjì tó ń dán, létí ẹní gan-an. Wọ́n dúró. Mo ní nínú ara mi pé kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ṣí ẹní. Wọn kò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀, èémí tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀. Mo ti ń ro bí n ó ṣe bá ìyàwó mi sọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, tí ẹsẹ̀ méjì jáde wá láìwọ bàtà, tó ń tẹ omi òjò bọ̀. Ọwọ́ kan di etí ẹní mú. Ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fa ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dìde, wọ́n fi iwájú orí kan ara wọn, wọ́n fi imú kan imú. Ó ní, "Mo rí ẹní tó ń gbọ̀n láti ojú fèrèsé. Mo mọ̀ pé ẹkún lẹ̀ ń sun." Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Èmi wo ojú ọ̀run. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tú u fún un.

Nínú ilé, wọ́n fún wa ní aṣọ ìnura àti tíì. Àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jókòó sí igun, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń ṣọ́ ejò. Oníṣòwò bi mí ìdí tí mo fi ṣe é. Ahọ́n mi ti jí, erin wà lórí rẹ̀ tí ó ń retí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ ní ṣókí: pé lọ́dọ̀ tiwa gbogbo ara là ń kó fún ìyá àgbà, iwájú la máa ń rò, a kì í ro ẹ̀yìn, àti pé ìyá ni mo ń dúró dè kó ní kí n dìde.

Àgbà náà gbé ife sílẹ̀. Ó fi èdè wọn bi ọ̀rẹ́ mi ní ìbéèrè, ó tún bi í. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Bí wọn kò bá sọ ọ́, títí dìgbà wo lẹ máa wà nílẹ̀?"

"Bàbá, n ó ṣì wà níbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù, ó wọ yàrá lọ. A gbọ́ ohùn rẹ̀, a gbọ́ ohùn àwọn tó wà nílé, ó pẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n tún jókòó, nínú yàrá ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá. Mo ní rárá, àgbà kì í gbé ẹsẹ̀ tó ti jẹ̀bi lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àgbà oníṣòwò yẹn ló jókòó ti ọ̀rẹ́ mi, ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Èmi wà nílé, mo ń wo fèrèsé. Ìyàwó mi rán mi lọ ra ata ní ọjà Longsight kí n lè kúrò lójú òun. Ọsàn ni mo rà bọ̀. Ó wò ó, ó bó ọ̀kan, ó fún mi ní ìdajì. A jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ọ̀rẹ́ mi tó dé. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó.

Ó ní ìyá àgbà gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó sì ní oyè náà yóò jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Wọ́n ti pín in bẹ́ẹ̀ rí, láyé bàbá ńlá wọn kan. Orúkọ kan, orí méjì. Bí ọ̀kan kò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kan ilẹ̀. Oníṣòwò kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá àgbà sì bi í bóyá ó lè fi ẹní bo orí jókòó nínú òjò nítorí ẹsẹ̀ àjèjì. Ìgbà náà ló gbà.

"Nítorí náà wọn kò ní kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì mọ́," ni ìyàwó mi wí.

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Bí mo bá kú ṣáájú ìyá mi, n kò mọ̀." Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì. "Wọ́n ní ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ gbé nílé kó máa sin ìlú. Oníṣòwò kò lè fi òwò sílẹ̀. Èmi ni mò ń lọ."

A kò retí ìyẹn. Ìyàwó mi dìde, ó lọ ṣí omi ẹ̀rọ, kò sì fọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi ní ohun tí ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́.

"Ó bi mí bóyá mo ṣì lè gun òrùlé. Páànù apá òkun ti ń ṣí, àkókò ìjì sì ń bọ̀. Bàbá, ẹ mọ ibi tí mo ti lè rí ìṣó tó lágbára rà, àwọn tí kì í dípẹtà?"

Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì a lọ sí Cheetham Hill, sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà lápapọ̀. Ó yẹ ìṣó wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ìmọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ńlá rẹ̀ yẹn. Òun gbé páálí ìṣó, èmi gbé òòlù àti okùn wáyà. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, páálí náà wúwo débi pé ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ sùn, awakọ̀ sì bi í bóyá ilé ló fẹ́ lọ kọ́.

Ó ní rárá, ilé náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́.